Ẹni tí Ń Dúró fún Ọmọ: Òbí, Olórí Ẹbí àti Alámòójútó Ogún Níwájú Òfin

Ọmọdé kì í dá lọ pe ẹjọ́, ọmọ tí ó wà nínú oyún kò lè wá sí ìpàdé ẹbí, ẹni tí ó sì wà ní Àbíjáǹ tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè gbọ́ ohun tí a sọ lánàá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Síbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ní ìpín nínú ilẹ̀ kan náà. Nítorí èyí ni àṣà àti òfin ṣe fi ààyè sílẹ̀ kí ẹlòmíràn máa dúró fún wọn, kí ó máa sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn, kí ó sì máa fọwọ́ sí ìwé fún wọn.

A kọ àpilẹ̀kọ yìí fún àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ní Ìlobùú, ní Ìfọ́n àti ní gbogbo agbègbè wọn, nítorí pé nígbà tí ikú bá wọ ilé kan, ẹnu ọ̀nà pásítọ̀ ni opó sábà máa ń kọ́kọ́ kàn. Ohun kan pàtàkì ni a fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ: agbára aṣojú kò ju ire ẹni tí ó ń ṣojú fún lọ. Níbi tí ire tirẹ̀ àti ire ọmọ bá ti forí gbárí, ibẹ̀ ni agbára náà dúró, ẹlòmíràn ni ó sì yẹ kí ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

ÀWỌN TÍ Ń DÚRÓ FÚN ẸLÒMÍRÀN

Oríṣi ènìyàn mẹ́rin ni a ó mẹ́nu bà. Àkọ́kọ́ ni òbí, tí ó ń dúró fún ọmọ tí kò tíì tójú bọ́. Èkejì ni olórí ẹbí, tí ó ń dúró fún gbogbo ọmọ bíbí inú ẹbí, àwọn tí ó wà láàyè àti àwọn tí a kò tíì bí. Ẹ̀kẹta ni alámòójútó ogún, ẹni tí olóògbé yàn nínú ìwé ìhágún rẹ̀ tàbí tí ilé ẹjọ́ fún ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí a fi ohun ìní sí lọ́wọ́ fún àǹfààní ẹlòmíràn, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní trustee. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n èrè ohun ìní náà kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ jù lọ nínú ìjọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìríjú.

Ipò wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà ni ó de gbogbo wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Ẹni tí ó rán aṣojú níṣẹ́ níhìn-ín ni ọmọ náà, bí ọmọ náà kò tilẹ̀ tíì lè sọ̀rọ̀.

AGBÁRA ÒBÍ ÀTI IBI TÍ Ó DÉ

Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ṣe irú rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2007, ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18. Àdéhùn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tọwọ́ bọ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àfi èyí tí ó jẹ mọ́ àwọn ohun kòṣeémánìí bí oúnjẹ, aṣọ àti irú wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé tí ọmọ ọdún 15 fọwọ́ sí pé òun ti gba ìpín òun, òun kò sì ní bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe gbára lé e.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, ọmọ lè pe ẹjọ́ nípasẹ̀ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀. Orúkọ ọmọ ni ẹjọ́ náà ń jẹ́. Ẹni tí ó dúró fún un kàn ń gbé e dé ibẹ̀ ni. Ìlànà ìgbẹ́jọ́ sì béèrè pé kí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀, kí a sì fi ìwé náà sí ọ́fíìsì kóòtù, kí ẹnikẹ́ni má baà lo orúkọ ẹni tí kò mọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n pè lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ lè yan ẹnì kan tí yóò gbèjà rẹ̀ nínú ẹjọ́ náà nìkan.

Ẹ kíyè sí i pé jíjẹ́ òbí kò sọ òbí di onílẹ̀. Ìyá tí ó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ilé ìwé tí wọn yóò lọ àti ilé ìwòsàn tí wọn yóò ti gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó jẹ́ ìpín àwọn ọmọ náà kò di tirẹ̀ láti tà nítorí pé òun ni ó ń bọ́ wọn. Bákan náà ni àbúrò bàbá tí ó gba àwọn ọmọ sí ilé. Inú rere ni ó ṣe, ṣùgbọ́n inú rere kì í ṣe ìwé àṣẹ.

OLÓRÍ ẸBÍ NÍNÚ ÀṢÀ ÀTI NÍNÚ ÌDÁJỌ́

Kí àwọn òyìnbó tó dé, Yorùbá ti ní ètò tirẹ̀. Bí bàbá bá kú láìṣe ìhágún, ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, àgbà ọmọ a sì bọ́ sí ipò Dáwódù, kí ó máa bójú tó o fún gbogbo wọn. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí a dá ní Èkó ní ọdún 1908 lórí ilé Olóyè Mabinuori tí ó kú ní ọdún 1874, ilé ẹjọ́ fìdí ètò yìí múlẹ̀. Ó tún sọ pé bí Dáwódù bá kú, ọmọ olóògbé tí ó dàgbà tẹ̀ lé e ni ipò olórí ẹbí tọ́ sí, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Àwọn tí ń sọ lónìí pé obìnrin kò lè ṣe olórí ẹbí nílẹ̀ Yorùbá kò rántí ìdájọ́ yìí.

Ìdájọ́ kan tí ó lókìkí jù èyí lọ ni ti Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, wọ́n sì ń jiyàn irú ẹ̀tọ́ tí olóyè náà ní lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá olóyè náà rin ìrìn àjò náà, a sì dá ẹjọ́ ní ọdún 1921. Àwọn adájọ́ gbà pé ìlú, abúlé tàbí ẹbí ni ó ni ilẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Olóyè tàbí olórí ẹbí tí ń bójú tó o wà ní ipò kan tí ó jọ ti ẹni tí a fi nǹkan sí lọ́wọ́ fún ẹlòmíràn. Èyí ni pé ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe láìkọ sílẹ̀ ni òfin òyìnbó wá rí, tí ó sì fún ní orúkọ tí ó mọ̀.

Báwo ni agbára olórí ẹbí ṣe pọ̀ tó láti ta ilẹ̀? Ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Bí àwọn àgbà ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òtúbáńtẹ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á láìgba ìmọ̀ràn àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró títí ilé ẹjọ́ yóò fi fagi lé e, àwọn tí ọ̀ràn kàn sì gbọ́dọ̀ tètè ké gbàjarè. Ìjàǹbá tí ó wà níbẹ̀ fún ọmọdé hàn gbangba. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè ké gbàjarè. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dúró fún un ní ọdún tí wọ́n ta ilẹ̀ náà, nígbà tí yóò fi pé ọdún 18, ilé alájà méjì lè ti wà lórí rẹ̀.

ÌDÍ-IGI TÀBÍ ORÍ-Ò-JORÍ

Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, Suberu Dawodu kú láìṣe ìhágún, ó sì fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí fún un sílẹ̀. Wọ́n ń jà lórí bí a ó ṣe pín owó ilé rẹ̀. Àwọn kan ní kí a pín in ní ìdí-igi, kí ìdílé ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Àwọn mìíràn ní kí a pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀. Ní ọdún 1962, Privy Council dá a pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé orí-ò-jorí kò pẹ́ tó o, ṣùgbọ́n pé bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, olórí ẹbí lè pinnu pé kí a lo orí-ò-jorí kí àlàáfíà lè wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí owó ilé bá jẹ́ ₦360,000, tí àwọn ìyàwó sì jẹ́ mẹ́rin, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan yóò gba ₦90,000. Bí a bá pín in fún ọmọ mẹ́sàn-án ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba ₦40,000. Ọmọ tí ó dá wà lọ́mú ìyá rẹ̀ yóò rí ₦90,000 gbà ní ọ̀nà kan, yóò sì rí ₦40,000 gbà ní ọ̀nà kejì. Ìdílé ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́rin yóò rí ₦90,000 gbà ní ọ̀nà kan, ₦160,000 ní ọ̀nà kejì. Nísinsin yìí, ẹ ronú pé olórí ẹbí tí yóò yan ọ̀nà náà wá láti inú ìdílé ọmọ mẹ́rin. Kò ṣe ohun búburú kankan síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìpinnu rẹ̀ ń fi owó sí àpò ìyá tirẹ̀. Ọmọ kékeré tí ó dá wà yẹn nílò ẹnì kan tí yóò jókòó níbẹ̀ fún òun nìkan.

NÍGBÀ TÍ IRE MÉJÌ BÁ FORÍ GBÁRÍ

Ìdájọ́ tí ó le jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1726, nínú ẹjọ́ Keech àti Sandford. Wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti máa gba owó ọjà Romford, tí a háyà fún iye ọdún kan, sí ọwọ́ ọkùnrin kan kí ó máa bójú tó o fún ọmọ kékeré kan. Nígbà tí àdéhùn náà fẹ́ parí, ọkùnrin yìí lọ bẹ onílẹ̀ kí ó tún un ṣe fún ọmọ náà. Onílẹ̀ kọ̀, nítorí pé kò sí bí òun ṣe lè gba owó lọ́wọ́ ọmọdé. Alábòójútó náà wá gbà á sí orúkọ ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí ó dá a padà fún ọmọ náà, pẹ̀lú gbogbo èrè tí ó ti jẹ lórí rẹ̀.

Kò jalè. Ọmọ náà pàápàá kò bá má rí ọjà náà gbà. Ṣùgbọ́n adájọ́ rí i pé bí a bá fi ààyè gba alábòójútó láti gba ohun tí ó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, àwọn alábòójútó tí yóò sapá kí ohun ọmọ má já bọ́ yóò kéré jọjọ. Ìlànà yìí wà lára ohun tí Nàìjíríà jogún nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa mu pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Irú ìforígbárí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n tí ń ṣàmójútó ogún àbúrò rẹ̀ bá fẹ́ fúnra rẹ̀ ra ilẹ̀ olóògbé. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí opó àti ọmọ rẹ̀ bá jọ ní ìpín nínú ilé kan, tí opó sì fẹ́ fọwọ́ sí i fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ pé kí a tà á. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí pásítọ̀ bá jẹ́ alámòójútó ogún ọmọ ìjọ rẹ̀, tí ìjọ náà sì ń wá ilẹ̀ tí yóò fi kọ́ ilé ìsìn. A kò sọ pé irú títà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣeé ṣe láéláé. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹnì kan náà kò gbọdọ̀ jẹ́ olùtà àti olùrà. Kí a yan ẹlòmíràn fún ọmọ, kí a sì gba àṣẹ ilé ẹjọ́.

ÌDÍ TÍ ALÁMÒÓJÚTÓ FI NÍ LÁTI JU ẸNÌ KAN LỌ

Òfin ìṣàkóso ogún tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ṣe ní ọdún 1959, tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jáde láti inú rẹ̀ jogún, sọ pé àwọn tí a ó fún ní ìwé àṣẹ lórí ogún kan kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá wà lára àwọn tí yóò jogún nígbà tí kò sí ìhágún, a kò gbọdọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ ẹni méjì, àfi bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tí òfin fọwọ́ sí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ojú méjì ń ṣọ́ ara wọn.

Òfin kan náà sọ pé ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, tí ó sì kú láìṣe ìhágún, ìlànà tí òfin náà tò sílẹ̀ ni a ó fi pín ohun ìní rẹ̀, kì í ṣe àṣà ìbílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Lábẹ́ àṣà, opó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń jogún. Nítorí náà, kí pásítọ̀ rí i dájú pé ìgbéyàwó tí a so nínú ìjọ ní ìwé ẹ̀rí ìjọba. Ìbùkún nìkan kò tó níwájú adájọ́.

ẸNI TÍ KÒ SÍ NÍLÉ ÀTI ỌMỌ INÚ OYÚN

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ ní kedere pé bí bàbá bá kú láìṣe ìhágún, ọmọ tí ó ti wà nínú oyún kí bàbá náà tó kú ní ẹ̀tọ́ sí ìpín. Ẹbí tí ó bá yára pín ogún nígbà tí aya olóògbé ń retí ọmọ yóò tún un pín.

Bí ẹjọ́ bá wà lórí ogún, lórí ohun ìní tí a fi síkàáwọ́ ẹlòmíràn tàbí lórí ilẹ̀ ẹbí, tí a kò sì lè mọ gbogbo àwọn tí ó ní ìpín tàbí kí a rí wọn, ìlànà ilé ẹjọ́ gíga ní ìpínlẹ̀ bí Èkó fún adájọ́ ní àṣẹ láti yan ẹni tí yóò dúró fún wọn. Ìdájọ́ tí ó bá sì jáde de àwọn tí kò sí níbẹ̀. Bí àwọn tí ń jà bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, adájọ́ lè fọwọ́ sí i kí ó sì de àwọn tí kò sí níbẹ̀, bí ó bá ti dá a lójú pé ire wọn ni.

Bákan náà ni ó rí lókè òkun. Nínú òfin àwòkọ́ṣe tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000 lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ti gbà, òbí lè dúró fún ọmọ rẹ̀ kékeré tàbí ọmọ tí a kò tíì bí, ohun tí ó bá ṣe a sì de ọmọ náà, bí kò bá sí alágbàtọ́ tí ilé ẹjọ́ ti yàn, tí ire òbí àti ti ọmọ kò sì forí gbárí. Àwọn ará wa tí wọ́n wà níbẹ̀ ní láti mọ èyí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé fún ọmọ wọn.

OHUN ÌNÍ ÌJỌ

Ìlànà kan náà ni ó de àwọn trustee ìjọ. Lábẹ́ òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí a bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ọmọdé kò lè wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi fún jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún ṣáájú. Ilé ìsìn, ilé ìwé àti ọkọ̀ tí wọ́n rà lórúkọ ìjọ kì í ṣe ogún fún ọmọ wọn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

1. Kí olúkúlùkù tí ó ní ọmọ kékeré ṣe ìwé ìhágún, kí ó sì yan ó kéré tán ẹni méjì tí yóò dúró fún àwọn ọmọ, kí àwọn ẹni náà sì mọ̀ sí i.

2. Lẹ́yìn ìsìnkú, kí a tó pín ohunkóhun, kí a kọ orúkọ gbogbo ọmọ olóògbé sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, kí a sì béèrè bóyá oyún wà.

3. Kí ẹbí lọ gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ogún ní ilé ẹjọ́ gíga, Òṣogbo. Bí kò bá sí ẹni tí ẹbí lè fọkàn tán, ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ogún wà ní Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́.

4. Kí ẹni tí owó ilé tàbí owó oko ọmọ ń gba ọwọ́ rẹ̀ ní ìwé ìṣirò, kí ó sì ní àpò ìfowópamọ́ ọ̀tọ̀ fún un.

5. Kí ẹni tí ó bá rí i pé òun fẹ́ jèrè nínú ohun ọmọ sọ ọ́ síta, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ fún ẹlòmíràn.

6. Kí pásítọ̀ má ṣe fúnra rẹ̀ pín ogún. Kí ó ṣe ẹlẹ́rìí, kí ó sì tọ́ka wọn sí agbẹjọ́rò.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ìwé Nọ́ḿbà, orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n, àwọn ọmọbìnrin Selofehadi lè dìde fúnra wọn níwájú Mose láti béèrè ìpín bàbá wọn. Àwọn ọmọ kéékèèké tí ń bẹ nínú ilé wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà láti dúró fún wọn, kí ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, wọn yóò dàgbà, wọn yóò sì béèrè ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀.